Lẹ́tà Ibi Ìgbọ́kọ̀sí: Ẹ Má Sáré San Án, Ẹ Má sì Yà Á Sọnù

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ládánì ní mọ́sálásí kan tí àwa ọmọ Yorùbá ń kírun sí ní apá gúúsù ìlú náà. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ilé kéwú àti ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń yọ àwọn ìdílé wa lẹ́nu ní ìlú yìí, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin tí wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì ti kan ilé tèmi náà. Mo rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí ojú wa rí àti ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀, kí ó lè wúlò fún yín, tàbí fún ọmọ yín tí ó wà ní òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti lẹ́tà ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìtajà ńláńlá a máa wà pọ̀ lójú kan, ilẹ̀ gbalasa kan a sì wà níwájú wọn tí àwọn oníbàárà ń gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá rajà, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sí ara pátákó pé wákàtí 2 tàbí 3 péré ni ẹnikẹ́ni lè lò níbẹ̀. Kò sí ẹnìkan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn agbèrò ọjà wa nílé. Kámẹ́rà ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń wọlé, kámẹ́rà yóò ya nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì kọ aago sílẹ̀. Bí ó bá ń jáde, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò fi aago kan yọ nínú èkejì. Bí iye àkókò náà bá ju èyí tí ó wà lára pátákó lọ, kọ́ńpánì tí ń tọ́jú ilẹ̀ náà yóò lọ bèèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ́wọ́ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Swansea, tí ó ń kọ orúkọ àwọn ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Pọ́ùn 2 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń san lórí orúkọ kan. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yóò dé.

Nígbà tí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wọlé, àyà a máa já. Àpòòwé rẹ̀ jọ ti ìjọba, àwòrán ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà gígùn wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é, PCN, ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá mú ọkọ̀ yín ní ojú títì, PCN ni wọ́n ń pe ìwé tiwọn náà, ìyẹn Penalty Charge Notice. Owó ìtanràn ni èyí, òfin ni ó fún wọn ní àṣẹ láti gbà á. Ṣùgbọ́n ti kọ́ńpánì aládàáni, Parking Charge Notice ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn dà bí ìyàtọ̀ owó orí àti owó ìṣákọ́lẹ̀. Owó orí, ti ìjọba ni. Owó ìṣákọ́lẹ̀, àdéhùn ni láàrin onílẹ̀ àti ẹni tí ó wá dá oko sórí ilẹ̀ rẹ̀. Onílẹ̀ lè ní kí ẹ san án, ó sì lè pè yín lẹ́jọ́ bí ẹ kò bá san án. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe adájọ́, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àdéhùn wà, àti pé ẹ̀yin ni ẹ yẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù Mẹ́ta ọdún 2023, ó ku bí ọjọ́ 12 kí àwẹ̀ Rámádánì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọ dá owó jọ fún oúnjẹ ìṣínu, wọ́n sì fi rírà rẹ̀ lé èmi àti ìyàwó mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí a gbé jáde, ti ìyàwó mi ni. Owó àjọ rẹ̀ ni ó fi rà á, orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà lórí ìwé ọkọ̀. A wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20 ní òwúrọ̀. A ra ìrẹsì àti òróró, a sì jáde nígbà tí aago 10 ku ìṣẹ́jú 5. A ra epo ọkọ̀ lójú ọ̀nà, a gbé ẹrù dé mọ́sálásí, àwọn ọ̀dọ́ sì bá wa já a. Mo pe ìrun Àílà, a kírun, a jẹun. Ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni a padà lọ ra dàbínù, wàrà àti omi inú ike tí kò gba inú ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Aago 3 ku ìṣẹ́jú 10 ni a jáde. Ìgbà méjì ni a wọlé, ìgbà méjì ni a jáde. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù náà, lẹ́tà dé ní orúkọ ìyàwó mi. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ àwọn fún wákàtí 5 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí 2 ni pátákó fi ààyè sílẹ̀ fún. Pọ́ùn 100 ni kí ó san; bí ó bá tètè san án láàrin ọjọ́ 14, àwọn yóò gba pọ́ùn 60. Àwòrán méjì wà nínú lẹ́tà náà: ọ̀kan ti ìgbà tí a kọ́kọ́ wọlé ní òwúrọ̀, èkejì ti ìgbà tí a jáde gbẹ̀yìn ní ọ̀sán. Àwòrán méjì tí ó yẹ kí ó wà láàrin wọn kò sí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó rí àgbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó tún rí i níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó wá ń búra pé ọkùnrin náà kò lọ sí oko lọ́jọ́ náà.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Kámẹ́rà a máa ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá sún mọ́ ti iwájú jù, bí òjò bá ń rọ̀, bí ìdọ̀tí bá bo nọ́ńbà, ẹ̀rọ lè má ka ọkọ̀ tí ó jáde. Nígbà tí ó bá wá rí ọkọ̀ kan náà tí ó ń jáde nígbà kejì, yóò so ó mọ́ ìwọlé àkọ́kọ́, yóò sì sọ ìbẹ̀wò méjì di ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi ti àwọn ìyá tí wọ́n gbàgbé ata tí wọ́n sì padà lọ rà á, ni ó sábà máa ń bọ́ sí i.

Ìyàwó mi ní kí a san pọ́ùn 60 náà kíákíá. Kì í ṣe pé ó gbà pé a jẹ gbèsè. Ó ní, "Bàbá, àwẹ̀ ń bọ̀, n kò fẹ́ kí ọkàn mi máa dàrú. Orúkọ mi ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí kóòtù ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo. Ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó sì ti ń jáde. Ó mọ iye òwúrọ̀ tí ó wà nínú pọ́ùn 60. Ní àkókò yẹn gan-an ni a tún ń wá ilé mìíràn tí a ó háyà, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé ìlú yìí a máa wádìí orúkọ ènìyàn bóyá ó ní gbèsè kóòtù lọ́rùn. Mo sọ fún un pé bí a bá jẹ gbèsè, kí a san án lónìí. Ṣùgbọ́n owó tí a kò jẹ, tí a san nítorí ìbẹ̀rù, ó ti kọ́ ẹni tí ó gbà á pé ìbẹ̀rù wa ní owó lórí. Àwọn àgbà sì ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé mọ́sálásí, ìmọ̀ràn pọ̀ bí ewé. Bàbá àgbàlagbà kan ní kí a ya lẹ́tà náà sọnù, pé kò sí òfin nínú rẹ̀, pé òun ti ya irú rẹ̀ sọnù rí láìmọye ìgbà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní tirẹ̀ ní kí a kọ̀wé pé àbúrò kan tí ó ti padà sí Nàìjíríà ni ó wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ládánì, ta ni yóò wá a dé Ìbàdàn?" Mo bi í léèrè pé, ṣé ẹnu tí mo fi ń pe ìrun náà ni n ó fi purọ́ nítorí pọ́ùn 60? Ó dákẹ́. Mo ní kí ó má bínú, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ wa; ẹni tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lọ yá irọ́ lò, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ohun kan wà tí ó yàtọ̀ sí irọ́ o: òfin kò fi dandan mú ẹni tí ó ni ọkọ̀ láti dárúkọ awakọ̀ fún kọ́ńpánì aládàáni. Ẹni tí kò bá dárúkọ kò purọ́. Ẹni tí ó bá dá orúkọ èké ni ó purọ́.

Ní ti bàbá wa tí ó ní kí a ya á sọnù, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ti di ti àná. Kí oṣù Kẹwàá ọdún 2012 tó dé, àwọn aládàáni a máa fi irin de táyà ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn ní Ìńgílándì, títí olówó rẹ̀ yóò fi sanwó. Òfin kan tí a ń pè ní Protection of Freedoms Act, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012, ni ó fi òpin sí èyí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà tí ó gba irin lọ́wọ́ wọn ni ó fún wọn ní nǹkan mìíràn: ní Ìńgílándì àti Wales, bí wọn kò bá mọ awakọ̀, wọ́n lè bèèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìlànà náà ni pé, bí ó bá jẹ́ pé kámẹ́rà ni ó mú ọkọ̀, tí wọn kò fi ìwé sí ara gíláàsì rẹ̀, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé láàrin ọjọ́ 14 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kejì. Tiwa dé lásìkò, nítorí náà a kò lè fi èyí gbèjà ara wa, a kò sì gbìyànjú rẹ̀.

Ẹjọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Barry Beavis gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí Riverside Retail Park ní ìlú Chelmsford. Wákàtí 2 ni ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Òun lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 56. Kọ́ńpánì ParkingEye bèèrè pọ́ùn 85 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní owó náà ti pọ̀ jù, pé ìjìyà lásán ni, nítorí kò sí àdánù tí ó bá ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹjọ́ náà láti kóòtù dé kóòtù, títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2015, adájọ́ 6 nínú 7 dá a lẹ́bi. Lord Toulson nìkan ni kò bá wọn fi ohùn sí i. Àwọn adájọ́ ní ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi ń gba owó náà: bí ẹnìkan bá jókòó ti ibi ìgbọ́kọ̀sí láti àárọ̀ dé alẹ́, níbo ni oníbàárà tí ń bọ̀ yóò gbé tirẹ̀ sí? Wọ́n ní pátákó pọ̀ níbẹ̀, ó tóbi, ó sì hàn kedere, owó náà kò sì pọ̀ kọjá ààlà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó bá ní kò sí òfin nínú lẹ́tà yìí kò sọ òótọ́ fún yín.

Bí ènìyàn bá sì yà á sọnù, ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e nìyí. Lẹ́tà àwọn agbowó gbèsè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, owó yóò sì máa ga sí i. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe akọ̀wé kóòtù o. Wọn kò ní agbára láti wọ ilé yín tàbí láti gbé àga yín lọ, wọn kò tilẹ̀ tó ológò ayé àtijọ́ tí ń jókòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ìwé kóòtù gan-an bá dé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti dáhùn lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ìwé jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó di ọjọ́ 28. Ẹni tí kò bá dáhùn rárá, kóòtù lè dá a lẹ́bi láìrí ojú rẹ̀. Bí kò bá sì san án pé láàrin oṣù kan, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi gbèsè fún ọdún 6. Ọ̀pọ̀ ni ìyà yìí jẹ nítorí pé wọ́n kó kúrò nílé, tí wọn kò sì sọ fún DVLA. Ilé àtijọ́ ni gbogbo ìwé ń lọ.

Nítorí náà, a kò san án, a kò sì yà á sọnù. A jà fún un ní ọ̀nà tí ó tọ́. Ìyàwó mi, tí ẹ̀rù ń bà, òun náà ni ó ní ohun ìjà lọ́wọ́. Ó ní agolo bísíkíìtì kan ní orí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ń kó gbogbo rìsíìtì sí, èmi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń tọ́jú ìwé bí akọ̀wé báńkì. Ó tú agolo náà sórí tábìlì. Rìsíìtì òwúrọ̀ jáde, aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 48 wà lórí rẹ̀. Rìsíìtì ọ̀sán jáde, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 43. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti epo ọkọ̀ tí a rà ní aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 16, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé ìtajà náà. Lẹ́yìn èyí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá wa já ẹrù rántí pé òun ya àwòrán àpò ìrẹsì níwájú mọ́sálásí láti fi han àwọn tí ó dá owó. Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn gbangba nínú àwòrán náà, aago tí ó yà á sì wà nínú fóònù rẹ̀: aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 5. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè wà níbi méjì.

Mo kọ́kọ́ lọ bá máníjà ilé ìtajà náà, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ìtajà tí ẹ rajà níbẹ̀ lè sọ fún kọ́ńpánì pé kí wọ́n fagi lé e. Ó gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àwọn nìkan. Mo dúpẹ́, mo kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin wa àgbà jókòó, èmi àti ìyá rẹ̀ ń sọ, òun ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. A kò bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. A sọ pé ìbẹ̀wò méjì ni. A to aago wọn lẹ́sẹẹsẹ. A fi ẹ̀dà rìsíìtì àti àwòrán sí i. A sì ní kí wọ́n wo gbogbo ohun tí kámẹ́rà kà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fagi lé owó náà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń fún ènìyàn láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí ó lọ kí ọjọ́ 14 tó pé. A pa ojúlówó rìsíìtì mọ́, ẹ̀dà nìkan ni a fi ránṣẹ́.

Àwẹ̀ ti wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn kí èsì tó dé. Wọ́n ní àwọn kò gbà. Lẹ́tà náà gùn tó ojú ìwé mẹ́ta, kò sì sí ibi kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti fẹnu kan ìbẹ̀wò méjì tàbí rìsíìtì epo. Ó hàn pé lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ni. Ìyàwó mi ka ìparí rẹ̀ pé a ṣì lè san pọ́ùn 60, ó sì gbé kaadi báńkì rẹ̀ jáde. Mo ní, "Ìyá, aago wo ni o rò pé ó wà lórí rìsíìtì epo yẹn?" Ó wò mí, ó wo kaadi náà, ó dá a padà sínú àpò. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ sààrì mọ́." A gbà bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Kọ́ńpánì tí ó bá fẹ́ gba orúkọ lọ́wọ́ DVLA gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ni ó wà: BPA àti IPC. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a lè gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, lẹ́yìn tí kọ́ńpánì bá ti kọ̀ fún ènìyàn. Ti BPA ni a ń pè ní POPLA, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń fún ènìyàn láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti IPC ni a ń pè ní IAS. Ọlọ́kọ̀ kì í san kọ́bọ̀ ní POPLA. Bí wọ́n bá dá ọlọ́kọ̀ láre, kọ́ńpánì gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ó ṣì lè dúró de kóòtù bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹ̀dínwó ti lọ. Bí ó bá jẹ̀bi, pọ́ùn 100 ni yóò san. Ohun tí mo fi yé ìyàwó mi nìyí kí a tó lọ, nítorí pé owó rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni, òun ni ó sì yẹ kí ó pinnu. Ó ronú di ọjọ́ kejì Ìtúnu Àwẹ̀. Ó ní kí a lọ.

Tiwa wà lábẹ́ POPLA. Kọ́ńpánì fi àwòrán méjì àtijọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán pátákó. Àwa fi ohun kan kún tiwa: a ní kì í ṣe àwa ni ó yẹ kí a fi hàn pé ọkọ̀ jáde, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n fi hàn pé ó dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí àlàáfíà, ẹ̀rí tiwa nìyí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kámẹ́rà ti rojọ́ tirẹ̀, ó kù kí rìsíìtì náà rojọ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí á ṣe Iléyá ni ìdájọ́ dé. Wọ́n ní kọ́ńpánì kò fi hàn pé ọkọ̀ náà dúró láìjáde, nítorí náà wọ́n dá ìyàwó mi láre. Pọ́ùn 100 di òfo. Ìyàwó mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì fi í sínú agolo bísíkíìtì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé kí ẹ máa bá gbogbo kọ́ńpánì jà. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀, tí pátákó hàn, tí ẹ sì jókòó kọjá àkókò nítorí pé ọjà dùn, gbèsè ni ẹ jẹ. Ìsìláàmù kọ́ wa pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ tètè san án nígbà tí ó wà ní ẹ̀dínwó, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pátákó bá wà lẹ́yìn igi, tàbí tí iná kò sí níbẹ̀ lóru, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, bí àìsàn tàbí àbùkù ara bá jẹ́ kí ìyá arúgbó pẹ́ kí ó tó padà dé inú ọkọ̀, ẹ kọ̀wé, kí ẹ ṣàlàyé, kí ẹ sì fi ẹ̀rí sí i. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 wà fún àwọn tí ara wọn kò dá. Ìlànà tí BPA àti IPC jọ ṣe ní ọdún 2024 sì ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 ṣàánú ẹni tí àkókò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé.

Ẹ̀yin obìnrin ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ yín ni ọkọ̀ wà ní orúkọ yín, tí ọkọ tàbí ọmọ sì ń wà á. Lẹ́tà kì í wá ẹni tí ó wa ọkọ̀ o, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó ń wá. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà pamọ́ fún yín pé kí ẹ má baà dààmú. Ẹ ṣí àpòòwé lọ́jọ́ tí ó bá dé, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí ara rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ti ìjọba ni tàbí ti aládàáni. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá lọ sí ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ tọ́jú ti ìgbà méjèèjì. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún DVLA lórí ìwé ọkọ̀ àti lórí ìwé ìwakọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá le jù, ẹ gbé e lọ sí Citizens Advice, wọn kì í gba owó. Tàbí kí ẹ gbé e wá sí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun, ẹ kò ní ṣàìrí ọmọ wa kan tí yóò kà á fún yín.

Nínú Súrà Bákárà, Ọlọ́run pa á láṣẹ pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Láyé àtijọ́, mo rò pé ti àwọn oníṣòwò ńlá ni. Nísinsìnyí, mo ti rí i pé ti ìyá tí ó ra omi inú ike náà ni. Kí Ọlọ́run má fi gbèsè tí a kò jẹ sí wa lọ́rùn, kí Ó sì fún wa ní agbára láti san èyí tí a jẹ. Àmín.